Ẹni Tó Fà Mí Lé Wọn Lọ́wọ́

Bí ẹ bá bá ìyá àgbà wa lórí ìjókòó, ẹ béèrè ohun tó ń ṣe é. Ara rẹ̀ kò yá nìyẹn. Obìnrin tí mo mọ̀, ìdúró ló fi ń jẹun, ìdúró ló fi ń gba fóònù. Bí o bá ní ọ̀rọ̀ gígùn tí o fẹ́ bá a sọ, kí o yáa wá bàtà rẹ wọ̀, nítorí ẹ ó jọ máa rìn ín ni. Gbogbo agboolé wa ní Bẹyẹrúnká ló ń pè é ní Ìyá Àrìnká. Wọ́n rò pé àwọn ń bú u. Òun a sì máa jẹ́ ẹ tẹ̀rín-tẹ̀rín bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Òun ló bí bàbá mi. Ó ti lọ báyìí. Wọ́n ti tẹ́ ẹ síbi tí kò ti lè dìde mọ́, inú sì ń bí mi. Ààfáà ti sọ fún mi pé ènìyàn kì í bínú sí ikú, mo sì ti ṣe áámín, ṣùgbọ́n inú ń bí mi síbẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi wà nílé lẹ́yìn ìsìnkú, mi ò rí ara gba ìjókòó. Màá rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga, màá tún yí padà. Màmá mi á ní kí n wá jókòó jẹun. Màá ní mò ń bọ̀.

Kì í ṣe ikú nìkan ló ń lé mi kiri. Bàbá Àlájì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí ilé wa báyìí, kò jẹ́ kí n sọ ẹrù kalẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ti Jọ́ọ̀sì dé. Ó ní, “Ẹni tó ń gbè ọ́ lẹ́yìn ti lọ. O ò padà sọ́hùn-ún mọ́.” Bẹ́ẹ̀, ọdún kan péré ló kù kí n parí ẹ̀kọ́ mi. Bàbá mi wà níbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Àbúrò kì í fèsì níwájú ẹ̀gbọ́n nílé wa. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń fèsì, òun náà la sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sin.

Irú èsì wo ló máa ń fọ̀? Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi opó. Nígbà tí bàbá àgbà wa kú, mo ṣì kéré, ṣùgbọ́n mo rántí. Ẹ̀sìn ní kí opó wà nílé fún oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ mẹ́wàá. Ìyá Àrìnká kò ní òun ò ṣe. Ó wọ aṣọ opó rẹ̀, kò kọjá ẹnu ọ̀nà, kò yọjú síta. Ṣùgbọ́n láti ìdájí títí di àṣálẹ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tó wà láàárín yàrá àwọn ìyàwó ilé. Bí àwọn àna rẹ̀ bá wá kí i, ọrùn wọn á máa yí tẹ̀ lé e bí ti ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tó sú ọ̀kan nínú wọn, ó pariwo pé, “Ìyá, opó lẹ wà o!” Ìyá Àrìnká kò tilẹ̀ dúró kó tó dá a lóhùn. Ó ní, “Wọ́n ní n má jáde. Ta ló ní n má rìn?”

Aṣọ ló ń tà ní Gbági, ṣùgbọ́n ẹ lè lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ fún oṣù kan kí ẹ má bá a níbẹ̀. Ọmọọṣẹ́ ló ń jókòó ti ọjà. Òun á gbé ànkárá lé èjìká, ó di ilé àwọn oníbàárà, ó di Agodi, ó di Òkè Àdó. Nígbà tí orúnkún wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, tí dókítà ní kó sinmi, Bàbá Àlájì kó gbogbo bàtà rẹ̀, ó tì wọ́n mọ́ inú yàrá tirẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó lọ kírun Jímọ̀ọ̀. Nígbà tí wọ́n kírun tán, bàtà tirẹ̀ ti pòórá lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Ó gégùn-ún fún olè títí. Ẹsẹ̀ lásán ni odidi Àlájì fi ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bọ̀ wálé, kó tó kan ìyá rẹ̀ ní Ọjà'ba, nínú bàtà ọkùnrin tó tóbi fẹ́rẹ́gẹ́dẹ́, tó ń ṣa ata. Ìyá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. “Àlájì, o káre. Bàtà rẹ dùn ún rìn ju tèmi lọ.”

Ìjà wọn kò tán láé, àwọn méjèèjì. Bàbá Àlájì fẹ́ràn òwe tó ní àjò ò dàbí ilé. Kò sí ìpàdé ẹbí tí kì í ti í pa á. Ìyá Àrìnká á pòṣé, á ní ẹni tí kò kúrò nílé rí ló pa òwe yẹn, kí ló mọ̀ nípa àjò? Tirẹ̀ ni pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ẹni tó bá rìn jìnnà á rí abuké erin. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n òun nìkan ló máa ń dárò lé e. Á mí kanlẹ̀, á ní, “Èmi ti rí ti ọ̀kẹ́rẹ́. Ti erin ló kù.”

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo jogún, mi ò jiyàn. Àpáta kan wà lẹ́yìn agboolé wa, orí rẹ̀ la ti ń fọṣọ, ibẹ̀ náà la ti ń sá èlùbọ́. Ìwọ̀nba ló yọrí síta. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi ìyá àgbà mi pé ìyókù rẹ̀ ńkọ́. Ó ní ó lọ. Ó lọ síbo? Ó ní ó gba abẹ́ yàrá wa kọjá lọ sí Màpó. Mi ò sùn dáadáa fún ìgbà pípẹ́. Mo ń rò ó pé nǹkan kan ń rìn lábẹ́ ẹní mi, mo sì fẹ́ tẹ̀ lé e.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì níbí nílùú Ìbàdàn, akántínì ni Bàbá Àlájì ní kí n kọ́. Mo kọ́ ọ. Olúwa mi, ó sú mi! Màá jókòó ti ìṣirò, ojú mi á wà lójú fèrèsé. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ènìyàn lè fi òkúta àti inú ilẹ̀ ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀, pé jiọ́lọ́jì ni wọ́n ń pè é, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tiransífà. Ibi tí wọ́n ti gbà mí ni Jọ́ọ̀sì.

Jọ́ọ̀sì kẹ̀! Ilé dàrú. Wọ́n pe ìpàdé sí pálọ̀ Bàbá Àlájì.

“Òkúta?” ó bi mí. “Ṣé èyí tó wà n'Íbàdàn kò tó ọ ni? Ṣebí orí òkúta la bí ọ sí!”

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Sìkírá, ká ọwọ́ lérí. “Ọmọbìnrin tó ń gbé òòlù kiri Òkè Ọya. Ta ló fẹ́ fẹ́ ẹ, ẹ gbà mí? Ẹ̀yin kì í gbọ́ ìròyìn ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni?”

Ìròyìn náà, ká sọ òótọ́, ń ba èmi alára lẹ́rù. Mo wo bàbá mi, ó ń wo ilẹ̀. Mo wá yíjú sí Ìyá Àrìnká tó dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. Ọkàn mi balẹ̀ pé tèmi ló máa ṣe. Ó ní, “Ní tèmi o, mi ò ní ṣe àdúà sí i.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilé wa, ẹ mọ ohun tí gbólóhùn yẹn jẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í lọ sájò nílé wa láìjẹ́ pé àgbà bu omi tútù, kó wúre, kó da omi náà sẹ́nu ọ̀nà, kó ní kí o tẹ̀ ẹ́ kọjá. Bí àgbà bá kọ̀, o ò lọ nìyẹn. Mo sunkún débi pé ohùn mi há. Kì í ṣe Bàbá Àlájì ni mò ń bínú sí, òun ni. Ẹni tó jí bàtà ọmọ rẹ̀ kó lè ríbi rìn, òun ló wá dènà mọ́ mi!

Mo di ẹrù mi síbẹ̀. Mo ní màá lọ láìsí àdúà. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, mo gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà, mo bá Ìyá Àrìnká tó ti wé gèlè, tó gbé báàgì tirẹ̀ lápá, tó fi bútà àlùwàlá há abíyá.

“Ọ̀nà tí mi ò mọ̀, mi ò lè ṣe àdúà sí i,” ó ní. “Ó yá, jẹ́ ká lọ wò ó.”

Bàbá Àlájì tẹ̀ lé wa dé Bẹẹrẹ, ó ń ké láàárín ọjà bí ẹni tí wọ́n jà lólè. “Ìyá! Orúnkún yín ńkọ́? Ìyá!” Kò wẹ̀yìn. Ó ní, “Mo gbé e dání.”

Ìdúró ló fẹ́ bá ọkọ̀ lọ. Dírẹ́bà bẹ̀ ẹ́, àwọn èrò bẹ̀ ẹ́, kó tó gbà láti jókòó sétí ìjókòó. Gbogbo ìlú tí a bá kọjá ló ń béèrè orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ wá gun òkè dé ilẹ̀ Jọ́ọ̀sì, tí àwọn àpáta ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, òkúta lórí òkúta, tí wọ́n tò jọ gègèrè lójú ọ̀run, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi ṣàlàyé wọn fún un. Ó gbá mi lọ́wọ́ pé kí n dákẹ́. Ó ní, “Àbẹ̀ní, abuké erin rèé.”

Ẹ dákun, ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí. Nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀ tán, tí mo ti rí yàrá, mo rò pé ó máa wúre báyìí kó máa lọ. Ó bi mí pé, “Ta ni màmá rẹ níbí?” Mo ní, Ìyá, yunifásítì ni, kò sí ohun tó ń jẹ́ màmá níbí. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. Ó mú mi lọ́wọ́, a di inú ọjà. A ń rìn, orúnkún ń dùn ún, ó ń tiro, kò dúró. Mi ò mọ ohun tó ń wá. Àṣé etí ló ń fi wá a. Lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn alábọ́ ike, a gbọ́ obìnrin kan tó ń fi èdè Ògbómọ̀ṣọ́ tó dán mọ́rán bú aláàárù tó fọ́ ọ lábọ́. Ìyá Àrìnká rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní a ti dé.

Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Kò lè ju ọmọ Ìyá Àrìnká lọ lọ́jọ́ orí, ìyẹn bó bá tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àgbélébùú kékeré wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kí wa, ó ní abọ́ wo la fẹ́. Ìyá Àrìnká fi báàgì sílẹ̀. Ó di tábìlì ọjà mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Orúnkún tí kò lè tẹ̀ fún ìrun mọ́, ìṣojú mi ló ti tẹ̀ ẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, sínú iyẹ̀pẹ̀, tí òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì figbe ta. “Yéè! Ìyá, ẹ dìde! Ẹ ò fẹ́ kí n pẹ́ láyé ni? Kí ni mo ṣe?” Òun náà ti já lulẹ̀ lórí orúnkún, àwọn méjèèjì wá kọjú síra wọn láàárín abọ́. Èrò ti ń pé jọ.

“Ẹ ò ṣẹ̀ mí,” Ìyá Àrìnká ní. “Mi ò mọ̀ yín, ẹ ò mọ̀ mí. Ọmọ mi rèé. Mo fà á lé yín lọ́wọ́. Bó bá ṣe dáadáa, ẹ bá mi yìn ín. Bó bá ṣìwà hù, ẹ bá mi nà án. Ọwọ́ yín ni màá ti gbà á.”

“Mo ti gbà á, mà,” ni Ìyá Ìbejì ń wí, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ọwọ́ mi lẹ ó ti gbà á lágbára Ọlọ́run. Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́.”

Àwa méjì la gbé e dìde. Ó gba omi inú ọ̀rá kan nínú ìsọ̀, ó fi eyín já a, ó wúre níbẹ̀ láàárín ọjà títí gbogbo àwọn tó dúró fi ń ṣe àmín, àti ẹni tó gbọ́ Yorùbá àtẹni tí kò gbọ́. Ó da omi náà síwájú ẹsẹ̀ mi. Mo tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ó gbọn yẹ̀pẹ̀ ìró rẹ̀, ó bi wá níbi tí ọkọ̀ Ìbàdàn wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò kí ń wálé lọ́wọ́ òfo. Ọmọ tó ti àjò bọ̀ gbọ́dọ̀ mú nǹkan bọ̀. Pòtétò Jọ́ọ̀sì ni gbogbo agboolé ń fẹ́, ṣùgbọ́n òkúta ni mo máa ń mú wá fún un. Ó kọ́kọ́ pariwo, ó ní ṣé òun fẹ́ se é lọ́bẹ̀ ni. Nígbà tó yá, á gbé e síwájú oòrùn, á máa yí i, á ní kí n sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Mo ní kò ṣe é kà lẹ́nu, Ìyá, ó ti wà kí ènìyàn kankan tó wà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó ní ṣé èmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ni. Síbẹ̀ ó tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Bí àlejò tó ń gbéra ga bá wọlé, tó ń fẹjú pé òun làgbà, á nawọ́ sí wọn. “Ẹ rọra jókòó. Ẹ̀gbọ́n yín wà níbẹ̀.”

Tí mo bá ń padà, òun ló ń sìn mí dé Bẹẹrẹ. Kì í juwọ́. Kí ọkọ̀ tó gbéra ló ti kẹ́yìn sí mi, tó ń tiro lọ láàárín àwọn ọlọ́jà. Ó dùn mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo bi í léèrè nígbà tí mo tún wálé. Ó ní, “Bí mo bá dúró, ìwọ náà á sọ̀kalẹ̀.”

Orí àpáta ni mo wà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, òòlù lọ́wọ́, nígbà tí bàbá mi pè. Ìnàlílàhì ló kọ́kọ́ sọ. Ó ní Ìyá ń rìn bọ̀ láti ìdí kànga, ó fọwọ́ ti ògiri, ó bá bẹ́ẹ̀ lọ. Kí n tó dé gáréèjì ní Jọ́ọ̀sì, wọ́n ti kírun sí i lára. Ẹ̀sìn wa kì í dá òkú dúró, mo mọ̀. Nígbà tí mo wọlé lọ́jọ́ kejì, símẹ́ǹtì orí sàréè kò tíì gbẹ. Mo dúró tì í. Mi ò rí ojú rẹ̀, mi ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ṣì dúró sí tí Bàbá Àlájì fi wá sọ ohun tó sọ, pé mi ò padà mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rìn. Mo rò ó pé kí n sá. Àdúà ta ni màá wá tẹ̀ kọjá?

Ọjọ́ fídáù ọjọ́ kẹjọ, ilé kún. Àwọn Ààfáà ti ń parí lọ nígbà tí obìnrin kan gba àárín èrò wọlé, báàgì ìrìn àjò lọ́wọ́, àgbélébùú lọ́rùn, ojú rẹ̀ ti wú fún àìsùn. Ìyá Ìbejì ni. Mi ò pè é. Mo kàn sọ fún un lórí fóònù pé wọn ò jẹ́ kí n padà, ó ní ó dáa, ó pa fóònù. Ó lọ tààrà síwájú Bàbá Àlájì, ó kúnlẹ̀, ó kí i kú àṣẹ̀yìndè. Bàbá Àlájì mọ ẹni tó jẹ́ láti ẹnu Ìyá Àrìnká. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa.

“Ẹ ṣeun, ẹ tọ́jú ọmọ wa. Ó ti padà dé báyìí. Ọlọ́run á san án fún yín.”

Kò dìde. “Àlájì, ẹ má bínú sí mi. Ta ló fà á lé mi lọ́wọ́?”

“Ìyá wa ni.”

“Wọ́n ní ọwọ́ mi làwọn ó ti gbà á. Ṣé wọ́n ti wá gbà á?”

Àǹtí Sìkírá fẹ́ dá sí i, Ìyá Ìbejì kò dúró dè é.

“Wọn ò gbà á kí wọ́n tó lọ,” ó ní. “Ìyá tó bí ìyá mi kò kúnlẹ̀ fún mi rí. Ìyá yín kúnlẹ̀ fún mi nínú ọjà. Bí mo bá fi ọmọ yìí sílẹ̀ lónìí, kí ni màá wí fún wọn? Ẹ jẹ́ kó parí. Èmi fúnra mi ni màá mú un wá, màá mú un dé ibi sàréè wọn, màá ní, Ìyá, ẹ gba ọmọ yín.”

Ààfáà àgbà wúkọ́. “Àlájì,” ó ní wẹ́rẹ́, “àmáánà nìyẹn o, ohun tí wọ́n fi pamọ́ síni lọ́wọ́. Òkú ló ni ín.”

Bàbá Àlájì dìde fùú. Ó wọ inú ilé, ó pẹ́. Nígbà tó jáde, omi tútù ló gbé lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà níbi tí Ìyá Àrìnká ti máa ń dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúà, kò lè parí rẹ̀. Bàbá mi tó ń wo ilẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi gbójú sókè, ó bá a parí rẹ̀. Wọ́n da omi náà sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Àlájì ló gbé báàgì mi dé Bẹẹrẹ. Mo wọ ọkọ̀, Ìyá Ìbejì wọlé tẹ̀ lé mi. Mo yíjú sí fèrèsé láti kí Bàbá Àlájì pé ó dàbọ̀. Ọkọ̀ kò tíì gbéra, ó ti kẹ́yìn sí mi, ó ń lọ láàárín àwọn ọlọ́jà, kò wẹ̀yìn. Mo pè é. Kò dúró.

Mo bá jókòó.